Iná Ọjà Tẹ́júoṣó àti Àwọn tí Òfin Wà Lọ́wọ́ Wọn

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní àpéjọ wọn)

   

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ìrun, ààwẹ̀ tàbí ìgbéyàwó ni a sábà máa ń gbọ́ ní irú àpéjọ báyìí. Ọ̀rọ̀ òfin iná ni èmi fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tẹ́júoṣó àti agbègbè rẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ìyá àwọn mìíràn sì ni ó ń pàtẹ níbẹ̀ tí a fi rí owó ilé ìwé san.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni iná jó ọjà Tẹ́júoṣó. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé ogún ọdún kò lè mọ bí ọjà náà ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé ní ọdún yẹn, ọdún Iléyá àti ọdún Kérésìmesì súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, inú oṣù kan náà ni méjèèjì bọ́ sí. Kò sí ọlọ́jà tí kì í kó ọjà kún ṣọ́ọ̀bù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gba owó àjọ ti kó o sórí ankara àti léèsì, ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ ti gba ọjà àwìn. Iná jó ọjà, kò jó gbèsè. Nígbà tí eérú tutù, ẹni tí a jẹ lówó ṣì wà níbẹ̀ tí ó ń béèrè owó rẹ̀.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fa ilé iṣẹ́ Stormberg wọ iṣẹ́ àtúnkọ́ ọjà náà, ilé ìfowópamọ́ First Bank sì kó owó sí i. Oṣù Kẹjọ ọdún 2014 ni Gómìnà Babatunde Fashola tó ṣí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méje. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé pọ̀n ní ọdún iná náà ti ń kàwé ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Owó ṣọ́ọ̀bù sì ti di mílíọ̀nù, ọwọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Ẹ̀bá títì àti ojú irin ni wọ́n gbà lọ. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line sì ti ń kó èrò gba Yábàá kọjá, ìpàtẹ sójú irin kò lè rí bí ti àtijọ́ mọ́. Nítorí náà, ẹni tí iná bá lé kúrò nínú ọjà kì í sábà padà síbi tí ó ti kúrò. Ìyà kejì nìyẹn, òun ni a kì í sì í ròyìn nínú ìwé ìròyìn.

Ǹjẹ́ kò sí òfin ni? Òfin wà. Ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà jáde ní ọdún 2006, ìlànà ààbò iná jáde ní ọdún 2013. Èkó ní òfin ètò ìlú ti ọdún 2010, ó sì ní òfin àjọ tí ń mójú tó ààbò, ti ọdún 2011. Bí a bá bọ́ èdè àwọn amòfin kúrò lára wọn, ohun tí wọ́n ń béèrè kò le rárá. Kí ilé tí èrò pọ̀ sí má ṣe ní ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo. Kí a má ṣe ti ọ̀nà náà pa nígbà tí ènìyàn wà nínú ilé. Kí ojú ọ̀nà àárín ọjà ṣófo. Kí ohun èlò ìpaná wà níbi tí ọwọ́ lè tó o, kí ẹni tí ó mọṣẹ́ so wáyà iná mànàmáná, kí a má sì tọ́jú epo bẹntiróòlù sáàárín aṣọ. Èwo ni ó ju agbára ọlọ́jà lọ níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò mú òfin ṣẹ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi dídá ọjà sílẹ̀ àti àbójútó rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ panápaná wà lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀, tí ó ti dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1972. Àyẹ̀wò ilé wà lọ́wọ́ àjọ kan, ààbò wà lọ́wọ́ àjọ mìíràn, wáyà orí òpó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná, àṣẹ ojoojúmọ́ sì wà lẹ́nu ìyálọ́jà àti babalọ́jà. Ewúrẹ́ àjọni, ebi ni yóò pa á. Lójoojúmọ́ ni agbowó ìjọba ìbílẹ̀ ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìyá wa. Kò sí àtẹ tí kò mọ̀, kò sí igun tí kò dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín bóyá ó ti bi í rí pé: níbo ni ẹ ń gbé epo jẹnẹrétọ̀ sí?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ìjọba kò ní agbára. Ní ọdún 2023, Ìjọba Èkó ti ọjà Òyìngbò pa, ó ti Ládípọ̀ pa, ó ti Máìlì 12 pa, nítorí ìdọ̀tí. Ṣé ìdọ̀tí ju iná lọ ni? Ìdọ̀tí ń rùn, iná tí kò tíì jó kì í rùn. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kádàrá ni. Àwa Mùsùlùmí gba kádàrá gbọ́, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mọ̀dínà. Ilé kan jó mọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lórí ní òru. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ohun tí ó fi kọ́ wọn ni pé ọ̀tá ni iná jẹ́ fún wọn, kí wọ́n máa pa á kí wọ́n tó sùn. Nínú àdíìsì mìíràn ó tọ́ka sí eku, tí ó lè fa òwú fìtílà lọ kí ó sì dáná sun àwọn onílé. Ẹ rí i pé ó wá ohun tí ó máa ń fa iná kàn, ó sì dárúkọ rẹ̀. Eku Yábàá kò rí òwú fìtílà fà mọ́. Wáyà ni ó ń jẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ètò àbójútó ọjà kì í ṣe àjèjì sí wa pẹ̀lú. Ànábì fúnra rẹ̀ ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ ní ọjà, ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì bá ẹni tí ó ń tà á wí lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ìlú Mùsùlùmí ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní mùhútásíbù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rìn káàkiri ọjà. Àwọn onímọ̀ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún un. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí al-Shayzari kọ ní ilẹ̀ Ṣáámù ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ó ní kí òrùlé ilé àwọn aṣeburẹ́dì ga, kí ihò èéfín wọn sì fẹ̀. Ìlànà ààbò iná kọ́ ni ìyẹn bí? Mùhútásíbù kì í jókòó sí ọ́fíìsì kí iná tó pè é.

Òṣìṣẹ́ tòní tí ó wá ṣe àyẹ̀wò, kí ni a ń fún un? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Òun béèrè rìbá, àwa náà sì ti di owó náà sọ́wọ́ kí ó tó dé, nítorí pé ó rọrùn ju kí a gbé ẹrù kúrò lórí àtẹ̀gùn lọ. Ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó fún un ni ègún rìbá ń bá, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí ìwọ san, ẹ̀mí ọmọ ìṣẹ́ ẹlòmíràn ni o fi rà.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá láti ìlú òkèèrè. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní ìlú New York. Ènìyàn 146 ni ó kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Ilẹ̀kùn kan wà tí wọn ìbá gbà jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa, nítorí pé àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù olè. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn àwọn ilé ìtajà wa ní Yábàá, ẹ ó rí ṣéènì àti àgádágodo. Bí ẹ bá béèrè ìdí rẹ̀, olè ni wọn yóò sọ. Lómìnírá ilẹ̀ wa níbí náà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná ilé gíga Afriland Towers ní Broad Street gba ẹ̀mí ènìyàn mẹ́wàá ó kéré tán. Èéfín máa ń pa ènìyàn kí ọwọ́ iná tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá sì mọ ọ̀nà àbájáde kì í rí i nínú èéfín.

Àwọn aládùúgbò wa kò bọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, iná jó ọjà ńlá Lomé ní òru, àwọn ìyá tí wọ́n ti ń ta aṣọ láti ìgbà èwe wọn sì jí di aláìní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2025, ó kan ọjà Kantamanto ní Accra, ibi tí òkìríkà pọ̀ sí bí ó ti pọ̀ sí Yábàá. Òru ni iná ọjà ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí iná mànàmáná dé lójijì, tí ẹni tí ó gbàgbé láti pa nǹkan rẹ̀ ti sùn sílé.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ àmúṣẹ òfin ni èyí. Èmi kò fara mọ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù opó kan pa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé kò ní ohun èlò ìpaná. Kí wọ́n fún un ní ọjọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì padà wá. Ṣùgbọ́n ṣéènì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, lójú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gé e, ì báà jẹ́ ti olówó tàbí ti alágbára. Òfin tí ó ń lé ẹni tí ó pàtẹ tòmátì, tí kò sì lè kan ilẹ̀kùn onílé ìtajà alájà mẹ́rin, àbòsí ni.

Àwa náà ńkọ́? Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹní wa ń dí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná yóò gbà. Àwọn mọ́sálásí inú ọjà kan wà tí irin dí gbogbo fèrèsé wọn, tí ẹnu ọ̀nà wọn kò ju ẹyọ kan lọ, tí a sì to bàtà dí ìyẹn náà. Bí panápaná bá sì dé, àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń sọ wọ́n lókò pé wọ́n pẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àtẹ wa ni ó dá wọn dúró. Omi inú ọkọ̀ kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni í fi í tán.

Nítorí náà, a ti bá àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí sọ̀rọ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwa. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù nínú yín dúró. A ó pín ara wa sí ìlà ọjà kọ̀ọ̀kan, a ó rìn ín pẹ̀lú ìyálọ́jà, a ó kọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì àti ibi tí epo wà sílẹ̀, a ó sì mú ìwé náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú pé wọ́n gbà á. Nọ́ńbà tí a ń pè ní Èkó bí iná bá ṣẹ́ ni 112 tàbí 767. Kí olúkúlùkù kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tí ó ní gègé, kí ó mú un lọ́wọ́.