Ìdánwò ọpọlọ àti iṣẹ́ abẹ fún wárápá

Mo ti gbọ́ ìbéèrè màmá tí wọ́n ní kí ọmọ wọn lọ ṣe EEG, pé ṣé wọn ò ní fi iná mànàmáná sí i lórí. Rárá o, mà. Ẹ̀rọ yẹn kì í fúnni níná, ńṣe ló ń gbọ́. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iná díẹ̀díẹ̀. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lórí èèyàn ní 1924. Wọ́n á lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ agbárí, ọmọ á dùbúlẹ̀ bí ogún sí ogójì ìṣẹ́jú, ó tán. Kò dunni.

Irun ló máa ń dá wa láàmú. Ẹ tú irun dídì, ẹ yọ attachment, ẹ fi ọṣẹ fọ orí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má fi òróró kankan pa á. Tí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, wáyà ò ní lẹ̀ dáadáa, owó á sì ṣòfò. Tí wọ́n bá ní kó má sùn púpọ̀ lóru, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Oorun máa ń jẹ́ kí àmì wárápá yọjú. Oògùn ńkọ́? Ẹ má dá a dúró àfi tí dókítà bá sọ.

Ẹ gbọ́ eléyìí o: tí èsì bá ní kò sí nǹkan, ìyẹn ò ní kò sí wárápá. Ó lè má yọjú láàárín ìṣẹ́jú yẹn ni. Torí náà, ẹ fi fóònù ya fídíò nígbà tó bá ń ṣe é. Ṣé ọwọ́ kan ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n? Àbí ó kàn tẹjú mọ́ ibì kan, tó ń jẹ ẹnu bí ẹni ń jẹun? Ibẹ̀ ni dókítà á ti fura pé ojú kan nínú ọpọlọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ojú kan, tí oríṣi oògùn méjì tó yẹ ẹ́, tó sì lò déédéé, ò dá a dúró, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ wọlé. Oògùn tí a ò rówó rà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni "oògùn ò ṣiṣẹ́".

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun. Victor Horsley ti ṣe é ní London ní 1886. Ní 2001, àwọn dókítà ní Kánádà gbé èsì jáde lórí èèyàn 80 tí tiwọn ń bẹ̀rẹ̀ láti apá ọpọlọ ẹ̀gbẹ́ etí: lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 58 nínú 100 àwọn tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ abẹ ò ní gìrì tó ń gba iyè lọ́wọ́ wọn mọ́, àwọn tó ń lo oògùn nìkan, ìdá 8 péré. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe MRI, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìrántí ń gbé níbi tí wọ́n fẹ́ gé. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ọpọlọ ní National Hospital tàbí Gwagwalada kí ẹ tó máa dáwó Íńdíà.

Màmá, ẹ fi orúkọ oògùn ọmọ àti ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ẹ má gbé e sí gbangba níbí.