Alert Kọ́ Lowó
Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí olè ò ṣe ní kó owó wa lórí fóònù. N ò ní pẹ́, torí mo mọ̀ pé iyán ń dúró dè wá.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báǹkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Owó títun ò kárí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì gba ti àtijọ́ mọ́. Kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún náà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́ lọ, ojú ọlọ́jà ti rí màbo. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa tí kì í gba owó lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Ó rọrùn, ó sì dára ju kéèyàn di owó mọ́ ìdí rìn lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe yí, bẹ́ẹ̀ náà ni olè yí.

Ọ̀nà kìíní tí wọ́n ń gbà ni alert ayédèrú. Oníbàárà á dé nígbà tí ọjà bá kún, á ra àpò gàrí méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo kan, á ní òun fẹ́ san án lórí fóònù. Fóònù yín á dún, ẹ ó rí orúkọ báǹkì àti iye owó. Ó ń kánjú, ọkọ̀ ń dúró dè é. Ẹ gbé ẹrù fún un. Ẹ dé báǹkì, kò sí kọ́bọ̀! Òun ló ṣètò àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Rísíìtì tó fi hàn yín lójú fóònù tirẹ̀ náà, wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, alert kọ́ lowó. Èyí tó ti wọ àkáǹtì yín lowó. Kí ẹrù tó kúrò nísọ̀, ẹ yẹ àkáǹtì yín wò, yálà pẹ̀lú nọ́ńbà tí báǹkì ní kẹ́ ẹ máa tẹ̀ tàbí áàpù wọn. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó pe ọmọ rẹ̀. Alert tòótọ́ sábà máa ń sọ iye tó wà nínú àkáǹtì. Olè ò mọ iye tẹ́ ẹ ní, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú. Ẹ má jẹ́ kó kán yín lójú. Oníbàárà gidi á dúró.

Ọ̀nà kejì ni ìpè. Ẹnì kan á ní láti báǹkì lòun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì yín pa nítorí BVN, tàbí pé owó ìrànwọ́ ìjọba ti jáde. Á pe orúkọ yín bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, á ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ilé! Láti ọdún 2014 tí BVN ti bẹ̀rẹ̀ ló ti wà lọ́wọ́ báǹkì, kí ni wọ́n tún ń bi yín sí lórí fóònù? Òṣìṣẹ́ báǹkì kankan ò gbọdọ̀ béèrè PIN yín, nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì, tàbí nọ́ńbà tó wọlé yẹn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ pa fóònù náà. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn dé báǹkì.

Ìkẹta ni fóònù tó sọnù. Olè lè yọ síìmù yín sínú fóònù tirẹ̀, kó máa fi fa owó jáde. Ẹ má fi 1234 tàbí ọdún ìbí yín ṣe PIN, ẹ má sì kọ ọ́ sẹ́yìn fóònù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín fi nọ́ńbà àṣírí ti síìmù náà pa. Bó bá sọnù, ẹ má kọ́kọ́ wá a káàkiri ọjà. Ẹ yá fóònù ẹlòmíì, ẹ pe báǹkì kí wọ́n ti àkáǹtì pa, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni síìmù. Ẹ kọ nọ́ńbà báǹkì yín sẹ́yìn ìwé ẹgbẹ́ yín lónìí, kó má jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà.

Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ìtìjú bò ó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó fi ń kọjá láti àkáǹtì kan sí òmíràn. Bí báǹkì bá tètè gbọ́, wọ́n lè dá a dúró níbi tó dé. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti bọ́. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti ọdún 2015, ẹ lè lọ bá ọlọ́pàá pẹ̀lú.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé owó tá a fi ń ṣòwò kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó yáwó ẹgbẹ́ fi ra ọjà, bí olè bá gbé ọjà lọ, kò gbé gbèsè lọ. Àwọn oníduùró rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa kàn, ẹni tó kàn láti yáwó á sì máa retí. Ẹni tó bá ṣọ́ fóònù rẹ̀, àpò gbogbo wa ló ṣọ́.

A ò ní ṣiṣẹ́ fún olè jẹ o. Ẹgbẹ́ wa ò ní dàrú.