Dróònù Abẹ́ Afárá àti Ojúṣe Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí jẹ mọ́ afárá, dáàmù àti òpó iná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, kò ní mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ẹni tó wà ní Maiduguri ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya tí omi sì bo ìlú, kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, òjò ń rọ̀ kíkankíkan ní ìlú Genoa lórílẹ̀-èdè Ítálì nígbà tí apá kan afárá Morandi wó lulẹ̀ tọkọ̀tèèyàn. Ẹni 43 ló kú. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣí afárá náà. Riccardo Morandi, ẹnjiníà tó ṣètò rẹ̀, fi kọnkéré bo àwọn irin tó so ojú ọ̀nà rọ̀ mọ́ òpó, kí òjò àti atẹ́gùn òkun má baà bà wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀: omi ráyè wọlé, irin ń dípẹtà nínú, ìbòrí náà kò sì jẹ́ kí ojú rí i láti ìta. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ti fi irin tuntun ran òpó kọkànlá lọ́wọ́. Òpó kẹsàn-án ni wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún, òun náà ló sì wó. Àtúnṣe rẹ̀ ti wà lórí ìwé nígbà náà. Iṣẹ́ ni kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ẹnjiníà ń gbà yẹ kọnkéré wò láti ìgbà pípẹ́ kò ṣàjèjì sí obìnrin tó mọ ìkòkò rà. Kí ó tó sanwó, yóò fi ìka kan ìkòkò náà, yóò sì tẹ́tí, nítorí èyí tó sán kì í dún bí èyí tó pé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹnjiníà ń fi òòlù kan kọnkéré. Bí ó bá dún bí ohun tó ṣófo, ó mọ̀ pé inú rẹ̀ ti ń là. Ṣùgbọ́n ìkòkò wà nílẹ̀, afárá sì wà lókè odò. Ẹni tí yóò kàn án gbọ́dọ̀ fi okùn so ara rẹ̀ rọ̀, tàbí kí wọ́n ti ọ̀nà pa kí ẹ̀rọ ńlá lè gbé e débẹ̀. Owó ń lọ, ewu wà, arìnrìn-àjò ń kùn. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi ń falẹ̀.

Ibi tí dróònù ti wọlé nìyí, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ ń rí níbi ìgbéyàwó, àwòrán nìkan ló ń yà. Láti ọdún 2015 sí 2019, Yunifásítì Seville ní orílẹ̀-èdè Sípéènì ṣe aṣáájú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní AEROARMS, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Aníbal Ollero darí. Wọ́n fún dróònù ní apá. Apá yìí ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan ti ara páìpù. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wọ inú irin, ó sì ń ka bí yóò ti pẹ́ tó kí ìró náà tó padà. Níbi tí ìpẹtà bá ti jẹ irin di tín-ín-rín, ìró yóò tètè padà. Ìkòkò kan náà ni, ìka ló yí padà.

Ó rọrùn lẹ́nu ju lójú iṣẹ́ lọ. Bí dróònù bá súnmọ́ abẹ́ afárá pẹ́kípẹ́kí, afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń fà yóò máa gbé e mọ́ afárá bí òòfà ti ń fa irin. Àwọn ará Seville sọ àléébù yìí di ìrànlọ́wọ́: wọ́n ṣe dróònù tí ń fi ẹ̀yìn ti abẹ́ afárá kí ó lè dúró jẹ́ẹ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, àmì sátẹ́láìtì tí dróònù fi ń mọ ibi tó wà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa lábẹ́ kọnkéré tàbí láàárín ilé gíga. Ojú ara rẹ̀ ni yóò fi mọ̀nà. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Zurich ní Switzerland gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní DroNet. Àwòrán tí mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ológeere yà lójú títì ni wọ́n fi kọ́ dróònù: mọ́tò kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kó yà sí, kẹ̀kẹ́ kọ́ ọ ní ohun tó lè kọlù, kí ó lè rọra.

Síbẹ̀, bí bátìrì rẹ̀ bá kú lókè ọjà, orí ẹnìkan ni yóò balẹ̀ sí. Kámẹ́rà tó rí abẹ́ afárá sì lè rí ẹ̀yìnkùlé onílé. Abala 37 nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi dróònù ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú, àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Ní Ìlà-oòrùn Àríwá, àwọn ológun kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó láìgbàṣẹ. Ọ̀dọ́ tó bá gbé tirẹ̀ sókè nítòsí bárékè kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ẹni tó sì sọ òkò lu dróònù tí ìjọba rán wá yẹ òpó iná wò, owó gbogbo ìlú ló fọ́.

Kí dróònù tó gbéra, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ, ọjọ́ àti wákàtí, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ọjà, ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní èdè àwọn onílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sá àsáforíkorí. Lẹ́yìn tó bá balẹ̀ ni iṣẹ́ tó le jù, nítorí àwòrán kì í tún afárá ṣe. Ní Genoa, àárín ìgbà tí wọ́n mọ̀ àti ìgbà tí wọn ìbá ṣe é ni afárá ti wó. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n rí, ẹnjiníà tó fọwọ́ sí i, àti ọjọ́ tí àtúnṣe yóò bẹ̀rẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, ó sì fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Kí akọ̀wé kọ lẹ́tà náà, kí alága fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á.