Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Kẹ̀kẹ́ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo mú wá fún yín lónìí. Ní àwọn ọdún 1950, kẹ̀kẹ́ Raleigh tàbí Hercules tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tó ni ín. Tíṣà ń gùn ún lọ sí ilé-ìwé, àgbẹ̀ oníkòkó ń gùn ún lọ sí oko. Alùpùpù àti mọ́tò ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò tí ì kúrò láàárín wa. Kì í mu bẹntiróòlù, kì í béèrè koríko bí ẹṣin. Ìtọ́jú nìkan ló ń béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ nù lára kẹ̀kẹ́ yín? Ọ̀pọ̀ wa ni yóò dáhùn pé ọwọ́ rẹ̀ ni, tàbí agogo rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú ń rí. A ó bu omi sí korobá, a ó po ọṣẹ sí i, a ó wẹ kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, yóò sì máa kọ mọ̀nà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dídán kọ́ ni ìlera. Kẹ̀kẹ́ lè máa dán bí dígí, kí bíréèkì rẹ̀ má sì lè dá a dúró. Ẹni tó bá gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Màpó n'Íbàdàn, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ṣeré, àti ti ọmọ tó bá ń sọdá títì. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀mí wà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Èkínní ni bíréèkì. Ẹ di kẹ̀kẹ́ mú, ẹ tẹ bíréèkì iwájú, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú. Táyà iwájú kò gbọdọ̀ yí rárá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ẹ̀yìn: táyà náà lè wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yí. Bí irin tí ẹ ń tẹ̀ bá wọlé títí tó fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bíréèkì náà ti dẹ̀, ó yẹ kí a fún un. Ẹ wo rọ́bà bíréèkì pẹ̀lú. Rìímù, irin róbótó tó gbé táyà dúró, ni ó gbọdọ̀ máa gbá mú. Bí ó bá ń ha táyà, yóò gé e. Bí ìlà ojú rọ́bà náà bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí wáyà bíréèkì bá sì ti ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán, ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò já. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Èkejì ni ṣéènì. Àwọn kan rò pé bí epo bá ti pọ̀ tó lára ṣéènì ni yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eruku ọ̀nà, pàápàá eruku ìgbà ọyẹ́, a máa lẹ̀ mọ́ epo tó bá wà níta, yóò sì máa rẹ́ irin jẹ díẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ṣéènì. Bí ìdọ̀tí bá ti dì mọ́ ọn, ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì àlòkù sínú kẹrosíìnì díẹ̀, kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe èyí, jìnnà sí iná, kí ọmọdé má sì dá a ṣe láìsí àgbà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kan táyà, nítorí ó ń ba rọ́bà jẹ́.

Nígbà tí ṣéènì bá gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ẹ̀kán kan sí oríkèé kan. Ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn kí epo lè wọlé. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá nu èyí tó kù níta kúrò. Ẹ má fi òróró ìdáná tàbí epo pupa sí i, nítorí yóò dì. Ẹ má sì fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú mọ́tò sí i, nítorí èérún irin wà nínú rẹ̀. Kí epo má sì kan rìímù, kí bíréèkì má baà máa yọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú rúlà yín wá. Ìdajì ínṣì ni ó wà láàárín ìṣó oríkèé kan àti èkejì lára ṣéènì kẹ̀kẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fi òdo rúlà sí àárín ìṣó kan, àárín ìṣó mìíràn gbọdọ̀ bọ́ sí orí ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú 16 ínṣì kọjá, ẹ ra òmíràn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó tó ìdá kan nínú 8, yóò ti máa jẹ eyín irin tó gbé e, ìnáwó méjì ni ẹ ó sì ṣe dípò ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni táyà. John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko ní ìlú Belfast, ló ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1888. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbà wá lọ́wọ́ òkúta ọ̀nà. Bí kò bá tó, rìímù yóò tẹ túùbù mọ́ òkúta, túùbù yóò sì lu. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára táyà, níbi tí a kọ PSI sí. Bí ẹ̀gún bá sì gún táyà, ẹ wá ẹ̀gún náà yọ kí ẹ tó dá túùbù padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún un gún.

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ yí táyà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi ìka ta àwọn sípóòkì bí ẹni ń ta okùn gìtá. Ohùn àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà gbọdọ̀ jọra; èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì táyà méjèèjì wò.

Omi ńkọ́? Àkísà tútù ti tó. Ẹ má da omi lu àárín táyà tàbí ibi tí pẹ́dà ti ń yí, nítorí ọta irin kéékèèké àti gírísì wà nínú wọn. Bí omi bá gbé gírísì lọ, irin yóò dógùn-ún. Bí òjò bá sì pa kẹ̀kẹ́, ẹ nù ún gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Gbogbo èyí kò ṣòro. Láràárọ̀, bíréèkì àti afẹ́fẹ́, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ní Sátidé, ṣéènì. Ní ìparí oṣù, rúlà, sípóòkì àti nọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ yín síbẹ̀ kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọmọ tó bá mọ ohùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le yóò tètè mọ̀ nígbà tí nǹkan bá ṣe é. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́, kì í tàárọ̀ ṣepin.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ lọ tẹ bíréèkì yín wò. Ó dìgbà kan ná o.