Kì Í Ṣe Gbogbo Kókó Ọyàn Ni Omi Ọyàn Tí Ó Dì

 

Nígbà oyún, ọyàn a máa wú, a sì máa le. Bí obìnrin bá fọwọ́ kan kókó níbẹ̀, àwọn ará ilé a ní, "Omi ọyàn ni, yóò lọ." Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọyàn lè bẹ̀rẹ̀ nígbà oyún tàbí nígbà tí ọmọ ń mu ọmú. Ẹni tí ó bá dúró títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú lè pẹ́ jù.

Kí ni ó ń fà á? Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, àwọn mìíràn ní àjẹ́ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lójoojúmọ́ ni inú ara wa ń sán díẹ̀díẹ̀ bí ògiri, ara fúnra rẹ̀ a sì tún ibẹ̀ ṣe. Ohun tí à ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tí àwọn dókítà ń pè ní jíìnì, ni bíríkìlà tí ń ṣe àtúnṣe yìí. Méjì nínú wọn ni BRCA1 àti BRCA2, tí àwọn onímọ̀ rí ní 1994 àti 1995. Bí ènìyàn bá jogún èyí tí ó ní àbùkù, àtúnṣe kò ní dára tó, jẹjẹrẹ sì lè ráyè wọlé.

Wọ́n ti wádìí rẹ̀ nílé wa níhìn-ín. Láti 1998 dé 2014, àwọn dókítà kó obìnrin 1,136 tí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn jọ ní Ìbàdàn, wọ́n sì yẹ jíìnì wọn wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópadé, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Èsì tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé 167 nínú wọn ni ó jogún jíìnì alábùkù, bí 15 nínú 100. A kò rí i lára àwọn yòókù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kò sí ní ìdílé wa."

Bàbá lè fi fún ọmọ bí ìyá ti lè fi fún un. Ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè ṣàì jogún rẹ̀. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ pàápàá lè má ṣàìsàn náà láéláé. Kì í ràn, kì í sì í gba inú omi ọyàn dé ara ọmọ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, bí ẹ bá ń kọ káàdì aboyún, ẹ bi í bí ẹnì kan ní ìdílé ìyá rẹ̀ tàbí ti bàbá rẹ̀ bá ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé ẹyin rí. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ yẹ ọyàn rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin aboyún, bí kókó bá wà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lórí ọmú, bí orí ọmú bá wọnú, tàbí bí awọ ọyàn bá rí bí èèpo ọsàn, ẹ má jókòó sílé máa fi nǹkan ra á. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn, kí a lè fi ìwé rán yín lọ sí họ́sípítù ńlá ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ọmọ inú ni wọ́n lè fi wo kókó náà. Wọ́n sì lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò láìṣe oyún léṣe.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ tètè wá. Ọlọ́run yóò sọ̀ yín kalẹ̀ ní àlàáfíà.