Kẹ̀kẹ́ tó bá ẹsẹ̀ yín mu, àti ṣúgà tó sá pamọ́ sínú ìgò

Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ki íápíìsì yín bọ etí. Bí ẹ bá ń fọ abọ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ, etí yín nìkan ni mo fẹ́ yá.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni lónìí. Mi ò sọ ti Maruwa o! Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà.

Àtọ̀gbẹ ti ń bá bàbá mi fínra láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́dún tó kọjá, èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà wo ìwé, ó wò mí lójú, ó ní, "Àbúrò, kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ o ti ń sún mọ́ ọn." Ó ní kí n máa lo ara, kí n sì dín ṣúgà kù. Bí mo ṣe ra kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, orúnkún ń dùn mí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ò sì rọlẹ̀ rárá. Àṣìṣe méjì ni mo ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ wọ́n fún yín kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Àkọ́kọ́ ni kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà, táyà rẹ̀ sanra, ó ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn. Ó rẹwà nínú fọ́tò. Àmọ́ orí òkè àti inú igbó ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni sípíríǹgì ń gbé lára agbára yín mì, táyà ńlá yẹn sì ń fà yín sẹ́yìn lórí ọ̀dà. Láti Fádéyí dé Maryland, èémí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin.

Èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje ńkọ́? Táyà rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 25 sí 28 lọ. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ kòtò ojú ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe eré ìdárayá láàárín ìlú, èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni mo fara mọ́, tí wọ́n ń pè ní hybrid. Táyà rẹ̀ máa ń tó mìlímítà 35 sí 40, ọwọ́ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹ ó lè gbórí sókè kí ẹ rí dánfó tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má tíì sanwó. Ẹ yí táyà méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ sì tì í. Ẹ wo gbogbo oríkèé irin bóyá ó ti sán. Ẹ gbé ìjókòó sókè, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tèmi ti dógùn-ún mọ́ irin, kò ṣeé gbé sókè, ohun tó ba orúnkún mi jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ jókòó lórí rẹ̀, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín nà tán. Tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀.

Ẹ tún wo ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Bó bá nípọn bíi ti mọ́tò, àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà lè fẹ́ ẹ fún yín. Bó bá tín-ín-rín, ẹ ní láti ní ẹnu kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Kí ẹ sì ṣẹ́ owó kù fún àṣíborí àti iná.

Àṣìṣe kejì dùn mí jù. Gbogbo ìgbà tí mo bá gun kẹ̀kẹ́ tán ni mò ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Mo rí i lára ìgò pé gíráàmù 11 ni ṣúgà rẹ̀, mo ní kò burú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, èmi ò la tèmi! Ohun tí wọ́n kọ ni "per 100ml". Ìgò náà jẹ́ 500ml. Ẹ fi 5 sọ 11 di púpọ̀: gíráàmù 55. Gíráàmù 4 ni ṣíbí tíì kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí 14. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lóòjọ́ má jẹ irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ tó gíráàmù 50, ó sàn kó má ju 25 lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá iye tí wọ́n fi díwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ wo "carbohydrate", òun ni àpapọ̀. "Of which sugars" ti wà nínú rẹ̀, ẹ má rò wọ́n pọ̀. "No added sugar" ò túmọ̀ sí pé kò sí ṣúgà. Omi èso ní tirẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Bí ẹ bá sì rí maltodextrin, wọn kì í kà á mọ́ ṣúgà lára lébẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kíá ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìwé náà bá kéré, ẹ ya á ní fọ́tò, kí ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́.

Ṣé kábóháídíréètì wá burú ni? Rárá o. Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ tí kò tó wákàtí kan, omi tó fún ọ̀pọ̀ wa. Bó bá ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan ni ara ń fẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan á ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì lórí kẹ̀kẹ́.

Mo ti pààrọ̀ kẹ̀kẹ́, mo ti pa ìgò yẹn tì. Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, ṣúgà mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní kí n má dáwọ́ dúró. Bàbá mi, tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ti ń na ìgò sí mi báyìí: "Bá mi ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ẹ̀yin náà, ẹ ka ti ìgò kan lónìí, kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa pé èló lẹ bá níbẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.