Ọwọ́ Inú, Ọwọ́ Òde: Bí Oníṣègùn Méjì Ṣe Ń Yọ Kókó Inú Ìfun

Iṣẹ́ tí ẹ fi rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera inú. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú nínú rẹ̀: kókó tí ó máa ń hù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, àti ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Jàpáànù là sílẹ̀ láti yọ ọ́ láìba ìyókù ara jẹ́.

Kí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìfun yìí? Bí a bá gbé oúnjẹ mì, inú àpòlúkù ni ó kọ́kọ́ ń dé. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú apá àkọ́kọ́ ìfun kékeré, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní duodenum. Inú orúkọ náà ni iye kan wà, èyíinì ni méjìlá, nítorí pé àwọn ará àtijọ́ fi ìbú ìka ọwọ́ méjìlá wọn gígùn rẹ̀. Ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25. Ibẹ̀ kéré lójú, ṣùgbọ́n oríta ńlá ni. Níbẹ̀ ni omi òróòro tí ń bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ àti omi tí ń bọ̀ láti inú ẹ̀yà ara tí a ń pè ní pancreas ti ń dà sórí oúnjẹ láti sọ ọ́ di ohun tí ara lè lò. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ yí orí pancreas ká, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn inú típẹ́típẹ́.

Bí kókó bá wá hù síbẹ̀ ńkọ́? Kókó mìíràn kì í ṣe jẹjẹrẹ lónìí, ṣùgbọ́n ó lè di jẹjẹrẹ bí ó bá yá. Òmíràn ti di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú ìfun. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò káwọ́ gbera? Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe yọ ọ́?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ abẹ ńlá tí a fi orúkọ Allen Whipple pè, oníṣẹ́ abẹ ìlú New York tí ó kéde rẹ̀ ní ọdún 1935. Bí a ti ń ṣe é lónìí, a ó gé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, orí pancreas, àpò òróòro àti apá kan ọ̀nà òróòro kúrò, a ó sì tún so èyí tí ó kù pọ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọlé jinlẹ̀, iṣẹ́ yìí ni ó tọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kókó kékeré tí kò tíì kọjá awọ inú ìfun, ta ni yóò torí eku kan wó ilé?

Ọ̀nà kejì ni ti ẹnu. Ní ọdún 1957 ni Basil Hirschowitz, ní Amẹ́ríkà, fi okùn awòfun tí ó rọ̀ hàn, èyí tí a lè gbà láti ẹnu wo inú àpòlúkù àti ìfun. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Jàpáànù kọ́ bí a ti ń fi abẹ kékeré tí ń gba inú okùn náà kọjá bó kókó kúrò lára ògiri. Iṣẹ́ yìí rọrùn díẹ̀ nínú àpòlúkù, nítorí pé ògiri àpòlúkù nípọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, èyí tí ó kù lẹ́yìn bíbó náà fẹ́lẹ́ bí ìwé. Omi òróòro àti omi pancreas yóò sì máa dà sórí ojú egbò náà. Ibẹ̀ lè lu lójú iṣẹ́, ó sì lè lu lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí aláìsàn ti rò pé ewu ti kọjá. Bí ohun inú ìfun bá jò sínú ikùn, ẹ̀mí ti wà nínú ewu.

Ọ̀nà kẹta ni iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, èyí tí Erich Mühe ti ilẹ̀ Jámánì fi yọ àpò òróòro ní ọdún 1985. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lóde ìfun kò rí kókó tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá gé jù, ìfun yóò há; bí kò bá gé tó, kókó yóò ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin ará mi, ẹnì kan rí kókó, kò lè rán ògiri dáadáa. Ẹnì kejì lè rán ògiri, kò rí kókó. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ní ọdún 2008 ni Naoki Hiki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tokyo kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn méjèèjì yìí ti pàdé lórí tábìlì kan láti yọ kókó inú àpòlúkù. Lẹ́yìn náà ni a mú ọ̀nà yìí wá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

Èkínní, a ó fún aláìsàn ní oògùn oorun. Oníṣẹ́ abẹ yóò lu ihò kéékèèké sí ikùn, yóò fi afẹ́fẹ́ wú u, yóò sì rọra tú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́.

Èkejì, oníṣègùn tí ó di okùn awòfun mú yóò gba ẹnu wọlé. Yóò sàmì yí kókó ká, yóò fa omi sábẹ́ awọ kí kókó lè wú sókè, yóò sì bó o láìlu ògiri.

Ẹ̀kẹta, oníṣẹ́ abẹ yóò rán ògiri náà láti òde, ní ojúkò ibi tí a ti bó. Ìránṣọ yìí ni ó ń dènà jíjò tí a ń bẹ̀rù. Bí ibẹ̀ bá tilẹ̀ ti lu, ẹni tí yóò dí i ti wà nítòsí.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó wà nínú yóò tún wò ó bóyá ìfun kò há àti bóyá ẹ̀jẹ̀ kò dà. A ó sì gba ẹnu mú kókó náà jáde fún àyẹ̀wò.

Kí ni ìdí tí wọn kò fi gé ògiri já pátápátá? Bí ihò bá ṣí, èérún jẹjẹrẹ lè dà sínú ikùn.

Mi ò sọ pé ọ̀nà yìí kò ní ewu, tàbí pé gbogbo kókó ni ó wà fún. Bí kókó bá wà lẹ́nu ibi tí òróòro ti ń wọ ìfun, ó ṣòro. Bí jẹjẹrẹ bá ti jinlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ńlá ni a ó padà sí. Ó ń fẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ méjì tí ó mọ̀wé, tí wọ́n sì lè fara mọ́ ara wọn. Ní Jàpáànù, láti ọdún 2020 ni ètò ìlera ìjọba ti ń san owó rẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá? Kókó tí a tètè rí nìkan ni a lè yọ báyìí. Láti ọdún 2016 ni ìjọba Jàpáànù ti fi okùn awòfun kún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ àpòlúkù fún ẹni tí ó ti pé ọdún 50. Bí wọ́n ti ń wo àpòlúkù, wọ́n ń bá kókó ìfun tí kò tíì dun ẹnikẹ́ni pàdé. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ wa ni inú ń run, tí a ń ra oògùn ọgbẹ́ inú mu láti ọdún dé ọdún láìsí ẹni tí ó wo inú náà. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dín lára láìnídìí, tàbí bí ẹyinjú bá pọ́n bí ti ẹni tí ibà apọ́njú mú, ẹ má ṣe fi agbo bò ó mọ́lẹ̀. Okùn awòfun wà ní àwọn ilé ìwòsàn Yunifásítì wa ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó. Bí wọ́n bá sì rí kókó, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Irú kókó wo ni? Báwo ni ó ti jinlẹ̀ tó? Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí kò ní kó ìyókù ara dà nù pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹni tí ó bá béèrè kò ṣàfojúdi sí oníṣègùn. Ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́, amánà sì ni ara. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìlera.